Fíríìjì alágbèéká, báttìrì kan àti sólà méjì ní ẹsẹ̀ òkè Adó-Àwáyè

Ní ìparí oṣù Kejìlá tó kọjá, àwa mẹ́fà pàgọ́ sí ẹsẹ̀ òkè Adó-Àwáyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, a sì sun òru mẹ́ta níbẹ̀. Yàtọ̀ sí àgọ́, ẹní àti ìkòkò, a gbé fíríìjì alágbèéká kan tó gba lítà 40 dání, pẹ̀lú báttìrì lítíọ́ọ̀mù kan tí wọ́n kọ 100Ah (áḿpù-wákàtí 100, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà) sí lára, àti pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì tó ṣeé ká bí ìwé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ wáàtì 100. Kò sí iná ìjọba níbi tí a tẹ̀dó sí, a kò sì gbé jẹnẹrétọ̀ dání. Àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò pa pọ̀, nítorí pé bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, owó tí a ná sórí àwọn méjì tó kù ti wọ igbó.

Oúnjẹ wà lára ìdí tí mo fi rà wọ́n, ṣùgbọ́n ìdí tó lágbára jù ni insulin, oògùn àtọ̀gbẹ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lò. Insulin tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C, kò sì gbọdọ̀ dì rárá, nítorí èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ yọ́ padà tí ojú rẹ̀ sì dára. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹ̀gbọ́n mi kò ti bá wa lọ sí ibi tí a ó ti sùn mọ́jú nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà tí wọ́n gbà láti bá wa lọ sí Adó-Àwáyè, mo mọ̀ pé ohun tí mo ń gbé lọ kò gbọdọ̀ já mi kulẹ̀, mo sì fi bí oṣù méjì dán gbogbo rẹ̀ wò nílé kí a tó gbéra.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ nípa èyí tí mo rà ṣáájú, nítorí pé lójú ẹni tí kò mọ̀, àwọn méjèèjì jọ ara wọn, orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì ń pè wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ kúlà oníná tí kò ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú inú fíríìjì ilé tutù. Pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, tí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, ojú kan á tutù, ojú kejì á gbóná, fáànù á sì máa fẹ́ ooru náà síta. Ooru tó wà níta ni irú kúlà yìí fi ń ṣe ìpìlẹ̀. Nǹkan bí ìwọ̀n 15 sí 20 ni ó lè fi tutù ju ìta lọ, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ooru inú ilé wọ 34°C, inú kúlà náà kò tutù ju 17°C lọ, ẹran tí mo kó sínú rẹ̀ láàárọ̀ sì ti ń rùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé kì í sinmi. Wáàtì bíi 50 ló ń fà láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo iná inú báttìrì 100Ah lójúmọ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí i lọ́jà pé owó rẹ̀ kò wọ́n, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá kọ̀ńpírẹ́sọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ìyá wa mọ̀ pé omi inú àmù máa ń tutù, nítorí pé omi tó ń yọ lára amọ̀ máa ń gbé ooru lọ bó ṣe ń gbẹ. Ọgbọ́n yìí kan náà ni olùkọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, lò nígbà tó gbé ìkòkò kan sínú ìkòkò mìíràn, tó fi iyanrìn tí a rin lómi sí àárín wọn, tó sì gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí rẹ̀. Mo gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ dání fún ẹ̀fọ́, ata àti tòmátò. Ọyẹ́ ń fẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ìkòkò náà sì ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, tó bẹ́ẹ̀ tí tòmátò wa kò rọ̀ títí a fi ń ká àgọ́. Bó ṣe gba ẹ̀fọ́ kúrò nínú fíríìjì fún wa ṣe pàtàkì púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹran, ẹja àti insulin kọjá agbára rẹ̀, ní ìgbà òjò tí afẹ́fẹ́ bá sì kún fún omi, kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Fíríìjì tí mo wá ń lò báyìí ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ gidi nínú bíi ti ilé, àfi pé ó kéré, iná báttìrì fólítì 12 ló sì ń lò tààrà. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bíi wáàtì 50 ló ń fà; bí inú rẹ̀ bá ti tutù dé ibi tí a ṣètò rẹ̀ sí, á dákẹ́, á sinmi, ó sì dìgbà tí ooru bá tún wọlé kó tó padà bẹ̀rẹ̀. Ìsinmi yẹn ni ó fi dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohùn rẹ̀ kò ju ti fáànù kékeré lọ; mo sùn sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí a gbé e sí, ohùn àwọn ìrẹ̀ sì borí rẹ̀ pátápátá. Ìdérí rẹ̀ ń pa dé dáadáa, rọ́bà etí rẹ̀ nípọn, àwọn ọwọ́ tí a fi ń gbé e kò sì mì nígbà tí a gbé e pẹ̀lú ẹrù lórí òkúta.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni tó ń kó oògùn sínú irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Mo ṣètò rẹ̀ sí 4°C nílé, mo gbé ife omi kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti fara kan irin ògiri, mo gbé òmíràn sínú apẹ̀rẹ̀ òkè, mo sì ki tẹmómítà bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, nọ́ńbà 4 ni ó ń tàn lójú rẹ̀, omi inú apẹ̀rẹ̀ òkè wà ní 5.5°C, ṣùgbọ́n yìnyín ti bo ojú ti ìsàlẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí awọ tó máa ń wà lójú ẹ̀kọ gbígbóná nígbà tó bá fẹ́ tutù. Ẹni tó bá gbára lé nọ́ńbà ojú fíríìjì nìkan ì bá ti ba oògùn ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ láìmọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣètò rẹ̀ sí 5°C, tí mo ń fi aṣọ ìnura wé páálí insulin, tí mo sì ń gbé e sí apẹ̀rẹ̀ òkè pẹ̀lú tẹmómítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì bọ́ sí ìsàlẹ̀ 5°C rí, kò sì tíì kọjá 7°C.

Nípa ìwọ̀n iná tó ń jẹ, mo so mítà kan mọ́ báttìrì, irú èyí tó ń ka iná tó wọlé àti èyí tó jáde. Ní òru, nígbà tí ọyẹ́ mú kí ìta tutù dé nǹkan bí 20°C, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ náà kì í ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú 12 sí 15 lọ nínú wákàtí kan. Ní ọ̀sán tí ooru wọ 33°C, tí àwọn ọmọ sì ń ṣí i fún omi tútù ní gbogbo ìgbà, ó ń lọ dé bí ìdajì wákàtí. Bí mo ṣe ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 430 ni fíríìjì náà ń jẹ láàárín ọjọ́ kan (wáàtì-wákàtí kan ni iná tí ohun tó ń fa wáàtì kan ń jẹ ní wákàtí kan), fóònù mẹ́fà àti iná àgọ́ sì ń jẹ nǹkan bí 90 lé e lórí. Báttìrì wa gba 1,280. Ìyẹn ni pé bí oòrùn kò bá tilẹ̀ yọ rárá, a ní ọjọ́ méjì àti díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó kú.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni púpọ̀ nínú ìṣirò yẹn wà. Bí ẹ bá kó lítà omi 10 tó wà ní 32°C sínú fíríìjì pé kó sọ ọ́ di 4°C, ooru tó gbọ́dọ̀ lé kúrò nínú omi náà nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì-wákàtí 325, kò sì tíì kan ẹran tàbí ẹja. Nítorí náà, a fi iná ilé mú gbogbo ohun tí a fẹ́ gbé lọ tutù láti ọjọ́ méjì ṣáájú, a sọ ẹran àti ata lílọ̀ di yìnyín nínú fíríìjì ńlá, a sì so fíríìjì kékeré náà mọ́ iná ilé títí di àárọ̀ tí a gbéra. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè, iṣẹ́ tó kù fún un kò ju kó pa òtútù tó wà nílẹ̀ mọ́ lọ. Ní ọjọ́ kìíní, a gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì láti aago mọ́kànlá sí aago kan ọ̀sán, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kò sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láàárín wákàtí méjèèjì. Láti ìgbà náà ni a ti gbé ọkọ̀ sí abẹ́ igi èmí, tí a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, tí a sì rí i pé ohunkóhun kò dí ihò tí ooru ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì náà.

Báttìrì ni mo ná owó jù sórí rẹ̀, òun náà ló sì kó mi sí wàhálà jù kí n tó rí ojúlówó. Irú lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára ni mo fẹ́, nítorí pé kò ju kílò 12 lọ, a sì lè lo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iná inú rẹ̀ láìba ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ́. Báttìrì olómi 100Ah tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò sún mọ́ kílò 30, bí a bá sì fẹ́ kó pẹ́ láyé, ìdajì rẹ̀ ni a lè lò, èyí tí kò ju ọjọ́ kan àti díẹ̀ lọ fún irú ẹrù tiwa. Oníṣòwò kan ta àkọ́kọ́ fún mi, ó sì kọ 100Ah gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí n tó gbà á gbọ́, mo fi ṣáájà gba iná kún un dẹ́nu, mo so gílóòbù iwájú ọkọ̀ mọ́ ọn, èyí tó ń fa bíi wáàtì 60, mo sì kọ aago tí mo tàn án sínú ìwé. Báttìrì tó péye yẹ kó tan gílóòbù náà fún nǹkan bíi wákàtí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí kú lẹ́yìn wákàtí 11. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo tún ọ̀rọ̀ náà dán wò lẹ́ẹ̀kejì, mo mú ìwé tí mo kọ wákàtí sí padà lọ bá oníṣòwò náà, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ díẹ̀ kó tó gbà láti fún mi ní òmíràn. Òmíràn yìí tan gílóòbù náà fún wákàtí 21, òun ni a gbé lọ. Inú mi bàjẹ́ nítorí àwọn tó ń rà irú báttìrì bẹ́ẹ̀ láìdán an wò, tí wọ́n á wá rò pé sólà ni kò dára tàbí pé fíríìjì ń jẹ iná jù. Gílóòbù ọkọ̀ kan àti ọjọ́ kan péré ni ìdánwò yìí ń gbà. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá ra báttìrì láti ṣe é kí ọjọ́ tí a lè dá ọjà padà tó kọjá.

Òru àkọ́kọ́ ni ohun tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀. Ní aago mẹ́ta òru ku ogún ìṣẹ́jú, fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí ké, iná pupa sì ń ṣẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ gbọ́, mo sì bá wọn ní ìdúró lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti di páálí insulin mú. Mo wo mítà báttìrì: fólítì 13.1, iná kún inú rẹ̀. Síbẹ̀, fíríìjì ń sọ pé iná kò tó. Mo wá wọn iná ní ẹnu púlọ́ọ̀gì tó wọ fíríìjì náà, fólítì 11.2 ni mo bá níbẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bá sì ti fẹ́ dìde, ó ń jábọ́ sí ìsàlẹ̀ 11.1, èyí tí í ṣe ìwọ̀n tí fíríìjì náà fi ń pa ara rẹ̀ kí ó má bàa fa báttìrì ọkọ̀ gbẹ. Waya ló jẹ fólítì tó sọnù náà. Báttìrì wà lábẹ́ àgọ́, fíríìjì wà nínú ọkọ̀, okùn tó bá fíríìjì wá láti ilé-iṣẹ́ àti èyí tí mo fi gùn ún jẹ́ mítà 6 lápapọ̀, waya inú àwọn méjèèjì kò sì nípọn ju mílímítà onígun 0.75 lọ. Iná fólítì 12 tó ń lọ nínú irú waya bẹ́ẹ̀ dà bí ọ̀pọ̀ èrò tó fẹ́ gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ pàápàá, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò ṣáájà nínú mọ́tò, ti gbóná nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, kò sì fún mọ́ ibi tó wọ̀ rárá.

Mo gbé báttìrì sún mọ́ fíríìjì lóru náà, mo yọ okùn ìgùn kúrò, ó sì ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Tẹmómítà fi hàn pé insulin kò kọjá 7°C. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sí Ìṣẹ́yìn, a ra waya mílímítà onígun 4, a gé púlọ́ọ̀gì ilé-iṣẹ́ sọnù, a fi mítà kan àti ààbọ̀ waya tuntun so fíríìjì mọ́ báttìrì, a sì fi fíùsì áḿpù 15 sí ibi tó sún mọ́ òpó báttìrì, kí waya má bàa gbiná bó bá ṣèèṣì kan ara wọn. Mo tún wọ̀n ọ́n: 13.1 lórí báttìrì, 13.0 lẹ́nu fíríìjì. Mo sì sọ ààbò báttìrì fíríìjì náà kalẹ̀ láti òkè sí àárín, nítorí pé báttìrì tiwa kì í ṣe èyí tí ọkọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Kò tún ké mọ́. Mo ka okùn tí ilé-iṣẹ́ náà fi sínú páálí sí àṣìṣe tí kò ní àwáwí. Wọ́n fi ọgbọ́n ṣe fíríìjì tó dára, wọ́n wá fi waya tí kò tó nǹkan so mọ́ ọn, ẹni tó bá sì rà á lè dá a padà pé kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ sólà gba sùúrù. Fíríìjì ń fẹ́ ibòji, pánẹ́ẹ̀lì ń fẹ́ oòrùn, waya ni ó sì gbọ́dọ̀ so àwọn méjèèjì pọ̀. Mo to pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì tẹ̀lé ara wọn kí fólítì wọn lè pọ̀ sí i, kí waya gígùn tó ti inú oòrùn wá sí abẹ́ igi má bàa jẹ iná púpọ̀, mo sì fi kọntirólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sínú báttìrì, sí ẹ̀gbẹ́ báttìrì. Kọntirólà tí wọ́n ń pè ní MPPT ni mo rà, ó sì wọ́n ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń fa fólítì pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ sí ti báttìrì: pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 100 tó ń fún ni ní áḿpù 5.5 ní fólítì 18 yóò wá máa fún ni ní áḿpù 5.5 ní fólítì 13.2, èyí tí í ṣe wáàtì 73 péré, ìyókù á sì ṣòfò; MPPT kì í jẹ́ kó ṣòfò bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò pọ̀, owó tó lé lórí MPPT yẹ ní sísan.

Pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ náà ní èké tirẹ̀ lọ́jà. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń kó nǹkan bíi wáàtì 1,000 sórí mítà onígun kan, pánẹ́ẹ̀lì tó dára sì lè sọ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ di iná. Nítorí náà, ojú pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 100 gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mítà onígun. Bí ẹnikẹ́ni bá na pánẹ́ẹ̀lì tí kò fẹ̀ ju àwo tí wọ́n fi ń kiri gúgúrú lọ sí yín, tó ní wáàtì 300 ni, ẹ má ṣe dúró bá a nájà.

Àwọn tiwa jẹ́ ojúlówó, síbẹ̀ mi ò rí wáàtì 200 lójú wọn rí. Èyí tó ga jù tí mo rí ni 128, ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ooru wà lára ohun tó fà á, nítorí pé ìwọ̀n 25°C ni wọ́n fi ń ṣírò wáàtì tó wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, tiwa sì gbóná débi pé ọwọ́ kò ṣeé gbé lé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọyẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, mú kí oòrùn funfun bí ẹni pé aṣọ tín-ínrín bò ó, ó sì ń bà sórí pánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo fi aṣọ tútù nu ojú wọn, wáàtì tó wà ní 104 sì gòkè sí 117 lójú mi. Bákan náà, oòrùn oṣù Kejìlá kì í dé àárín orí wa. Ní Adó-Àwáyè, ní ọ̀sán gangan, ó ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 31 tẹ̀ sí apá gúúsù. Pánẹ́ẹ̀lì tí a tẹ́ sílẹ̀ gbalaja ń pàdánù. A fi òkúta gbé ẹ̀yìn wọn ró, a sì kọjú wọn sí gúúsù.

Ibòji ni ọ̀tá tó burú jù. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, a ti gun òkè, àtẹ̀gùn 369, a ti dé ẹ̀bá adágún Iyake tó wà lórí àpáta, a kò sì rántí sólà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó dúró nísàlẹ̀ ló rí i pé òjìji ẹ̀ka igi èmí kan ti yọ́ dé igun pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Ibi tí òjìji náà bò kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ṣùgbọ́n iná ti já láti wáàtì 118 sí 31. Wọ́n ti ń wo mítà náà pẹ̀lú wa láti àárọ̀, wọ́n sì mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí. Wọ́n fa pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì jáde sínú oòrùn fúnra wọn. Nítorí wákàtí tó ti ṣòfò, wáàtì-wákàtí 390 ni a rí kó lọ́jọ́ náà, a sì lo 520. Ní ọjọ́ kẹta tí a ń yí wọn tẹ̀lé oòrùn lẹ́ẹ̀mẹta, a kó 610, báttìrì sì jèrè padà. Báttìrì wa kò bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa kan gbé àpótí iná tirẹ̀ wá, irú èyí tí báttìrì àti ínfátà wà nínú rẹ̀ pa pọ̀, ó sì ki púlọ́ọ̀gì ilé ti fíríìjì rẹ̀ bọ ọ́. Ó ń yà á lẹ́nu pé iná rẹ̀ ń tán kíákíá ju tiwa lọ, nígbà tí fíríìjì rẹ̀ kò tó tiwa. Ínfátà tó wà ní títàn máa ń jẹ iná fún ara rẹ̀, yálà fíríìjì ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ń sinmi. Bí ó bá ń jẹ wáàtì 12 péré láti àárọ̀ di àárọ̀, wáàtì-wákàtí 288 ti lọ láìjẹ́ pé ó mú omi kan tutù. Ojú ihò fólítì 12 wà lára àpótí kan náà. A so fíríìjì rẹ̀ mọ́ ọn, ó pa ínfátà, iná rẹ̀ sì dúró títí di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo irú àpótí bẹ́ẹ̀, ẹ pa ínfátà àyàfi bí ẹ bá nílò rẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Ní ti àwọn tó ń sọ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ì bá ti tó, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ronú nípa èéfín rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ tí ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀, nítorí èéfín yẹn ti pa odidi ìdílé nínú yàrá ní orílẹ̀-èdè yìí láìmọye ìgbà.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a ń bọ̀ láti ra waya ní Ìṣẹ́yìn, a ra wàrà lọ́wọ́ ìyá Fúlàní kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ wàrà mọ̀ pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni; bó bá di ọjọ́ kejì nínú ooru, á ti kan, á sì máa yọ̀. Mo gbé e sínú ike pẹ̀lú omi rẹ̀, mo tì í sí ìsàlẹ̀ fíríìjì níbi tí mo mọ̀ pé ó tutù jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ń padà, mo ṣí ike náà: omi rẹ̀ mọ́, wàrà le dáadáa lábẹ́ ìka, òórùn rẹ̀ kò yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi dín in fún wa jẹ kí a tó ká àgọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra irú àkójọ yìí, ìdájọ́ mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wá báttìrì tí ẹ ti fi gílóòbù dán wò, kí ẹ wá ra fíríìjì oníkọ̀ńpírẹ́sọ̀ èyíkéyìí tí owó yín bá ká, kí ẹ sì ya owó waya tó nípọn sọ́tọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Sólà wáàtì 200 tó fún ènìyàn mẹ́fà ní àsìkò ọyẹ́ bí a bá ń bójú tó o. Ní oṣù Keje tàbí Kẹjọ tí ìkùukùu ń bo ojú ọ̀run, mi ò ní gbé ohun tó dín ní 300 lọ, mi ò sì ní ṣèlérí ju òru méjì lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Fíríìjì náà wà ní pálọ̀ wa báyìí, báttìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ti gbé pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì sórí bákónì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí iná lọ fún ọjọ́ méjì gbáko, inú rẹ̀ ni insulin wà.